Ènìyàn Ni Aṣọ

Ní Òde-Ìrèlè wa yìí, bí àìsàn bá wọ ilé ẹnìkan, ẹsẹ̀ kì í dá ní ilé náà: bí aládùúgbò kan ti ń gbé omi gbígbóná bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń gbé oúnjẹ dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àrùn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tí ó ń ṣe ńkọ́?

Ìbéèrè yìí dojú kọ Èkó ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ ìlú náà láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, kí ó má baà kó o ran gbogbo ìlú. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Dókítà Ada Igonoh, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kó o pẹ̀lú. A yà á sọ́tọ̀ ní Yábàá. Ọkọ rẹ̀ kò lè dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Dókítà Àjọ Ìlera Àgbáyé kan wọ aṣọ ìdáàbòbò tọ̀ ọ́ wá, ó rọ̀ ọ́ láti máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó mu ún, ó sì yè.

Nínú ènìyàn 20 tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, 12 yè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rẹ́ kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n òun ni í fún aláìsàn lágbára láti gbé oògùn mì. Bí ọwọ́ yín kò bá lè kan aláìsàn, ẹ jẹ́ kí ohùn yín kàn án.