Gert Fredriksson àti Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Àwọn kan a máa sọ pé akọni kì í mọ iṣẹ́ kọ́ ọmọ. Èmi kò gbà. Gert Fredriksson, ọmọ ìlú Nyköping ní Swídìn, gba wúrà 6 nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà ti Òlíńpíìkì láàárín ọdún 1948 sí 1960. Nígbà tí ó gba èyí tí ó kẹ́yìn ní Róòmù, ẹni ọdún 40 ni. Òun àti Sven-Olov Sjödelius, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì.

Lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́ àwọn atukọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn: ẹni tí apá rẹ̀ ti mọ́ àjẹ̀ lára wá dúró sí bèbè omi, ẹnu nìkan ni ó kù fún un. (Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ bí ẹnu nìkan ti tó.) Ní Tókyò, ní ọdún 1964, Sjödelius àti Nils Utterberg gba wúrà. Ṣùgbọ́n Rolf Peterson, ọmọ ọdún 20, ni ó yà mí lẹ́nu jù. Òun nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì borí nínú eré ẹgbẹ̀rún mítà tí ọ̀gá rẹ̀ ti borí ní 1948, 1952 àti 1956. Erik Hansen ará Dẹ́nmákì ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ ọ̀gá ní 1960. Ọmọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gbà á padà.