Láti orí ewé dé orí ọ̀rá

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lónìí, ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan lọ́jà, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní saṣé, ti kún gọ́tà, ó kún oko, ó kún ẹ̀bá ọ̀nà. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ó ń kú. Bí òjò bá rọ̀ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, omi kì í rí ọ̀nà lọ, a wọ ilé onílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí kò dára. Kí ló dé tí a kò fi lè fi ọ̀rá sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ewé ni a fi ń di nǹkan. Ewé eéran àti ewé gbòdògì ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ewé náà ni a fi ń sè ọ̀lẹ̀lẹ̀. Igbá la fi ń wọn gàrí, ìgò la fi ń ra epo, apẹ̀rẹ̀ la sì ń gbé lọ sọ́jà. Bí a bá jẹun tán, a da ewé sí ààtàn, ó jẹrà, ó di ilẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn àgbà gbọ́n jù wá lọ nípa ìmọ́tótó. Ohun tó wà nítòsí wọn ni wọ́n lò.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni igi tíìkì. Igi yìí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa; láti Éṣíà ló ti wá. Nígbà ìjọba Faransé ni wọ́n gbìn ín lọ rẹpẹtẹ ní Dàhòmì, bíi ní agbègbè Agrimey àti Toffo, nítorí pákó rẹ̀. Àwọn obìnrin rí i pé ewé rẹ̀ fẹ̀, kò sì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi pọ́n ẹ̀kọ. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wọn. Nítorí náà, àwọn èèyàn wa kì í kọ ohun tuntun, bí ohun tuntun náà bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá ṣe wọlé. Ní ọdún 1933, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kan ṣèèṣì rí ohun tí a fi ń ṣe é. Ní ọdún 1965, wọ́n fún ilé iṣẹ́ kan ní Suwídìn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí àpò ọ̀rá tí Sten Gustaf Thulin ṣe. Ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bàbá òun máa ń ká ọ̀kan sínú àpò aṣọ rẹ̀, kó lè tún un lò. Àwa kò kọ́ èyíinì. Ọ̀rá dé ọjà wa, ó fúyẹ́, omi kò wọ inú rẹ̀, òǹtajà sì ń fi kún ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. A lò ó lẹ́ẹ̀kan, a sọ ọ́ nù.

Nígbà tó yá, àwọn ìjọba dìde. Bangladesh fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọdún 2002, nítorí ó ti dí ojú gọ́tà nígbà ìkún omi ńlá. Rùwáńdà ṣe é ní 2008. Tógò gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde ní 2011. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin tó de ọ̀rá tí kì í jẹrà jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ara wa sí ipò ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Kétu. Òfin ní kó má lo ọ̀rá. Ibo ni yóò ti rí ewé? A ti ṣán igbó létí odò láti fi dáko. Ẹni tó ń já ewé ní láti rìn jìnnà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ó ń wọ́n jù. Owó ewé, òun ni yóò san án. Ààlà Nàìjíríà wà nítòsí, níbi tí kò sí irú òfin yìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún náà, ọ̀rá sì pọ̀ níbẹ̀. Oníbàárà tún lè dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kó ní ewé ti di nǹkan ará oko. Bí kò bá rí ọ̀rá, yóò kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣé ìyá yìí ya aláìgbọràn ni? Rárá o. Òfin gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa nìyí: ìmọ̀ nìkan kì í yí ìwà padà, ìjìyà nìkan kì í yí i. Ohun tó bá wà nítòsí tí kò wọ́n ni èèyàn ń lò. Bí a bá fẹ́ kí ewé padà, ẹ jẹ́ kí a gbìn ín sí etí odò wa, kí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin máa tà á pa pọ̀. Kí àwa oníbàárà gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí abọ́ láti ilé, kí ẹrù náà má bàa wà lórí òǹtajà nìkan. Kí àwọn tó ń ṣòfin sì bi àwọn ìyá ọjà léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ìyá wa àgbà kì í lọ sọ́jà láìgbé apẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbé tiwa lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.