Ìjàkadì Ilé àti Ìjà Ará Kòríà

Ní àwọn ìlú ńláńlá wa lónìí, kò ṣòro láti rí ibi tí a ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní taekwondo. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀, àwọ̀ ìgbànú ni a sì fi ń mọ ibi tí olúkúlùkù dé nínú ẹ̀kọ́. Funfun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹra mọ́ ọn yóò máa ṣe ìdánwò títí yóò fi kan dúdú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Kòmú ní Òkè-Ògùn, tí mo sì ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ohun tí ó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn ni pé èdè Kòríà ni àwọn ọmọ Yorùbá yìí fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta bí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀: hana, dul, set.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí taekwondo ti rí yìí ni àwọn baba ńlá Kòríà ti fi lélẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1910 títí di 1945, abẹ́ ìjọba Jàpáánù ni Kòríà wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lọ kàwé ní Jàpáánù kọ́ ìjà karate níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ní 1955 ni orúkọ taekwondo jáde, ọ̀gágun Choi Hong Hi ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Tae ni ẹsẹ̀ títa, kwon ni ẹ̀ṣẹ́, do ni ọ̀nà. Wọ́n kọ́ Kukkiwon, olú ilé ẹ̀kọ́ náà, sí Seoul ní 1972. Nígbà tí ó di 2000, ìjà náà ti di ara ìdíje Olympics tí a ń gba àmì-ẹ̀yẹ lé lórí. Ní 2008, Chika Chukwumerije, ọmọ Nàìjíríà, gba idẹ níbẹ̀ ní Beijing.

Ìjà àbáláyé wọn gan-an ni taekkyeon, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó parun. Song Deok-gi, tí a bí ní 1893, wà lára àwọn díẹ̀ tí ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ ọ. Ní 1983 ìjọba kà á mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Baba náà kú ní 1987. Ní 2011 UNESCO kọ orúkọ taekkyeon sínú ìwé ogún àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo ilé. Àwa náà ní ìjàkadì, ẹkẹ àti gídígbò. Ta ni yóò ki Ọ̀fà tí kò ní dárúkọ ìjàkadì? Nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì dé ibi tí Jékọ́bù ti wọ̀yá ìjà lóru, ìjàkadì náà ni wọ́n pè é. Ìjàkadì ní òfin: a kì í lu ara ẹni ní ẹ̀ṣẹ́, ẹgbẹ́ ni í kọjú sí ẹgbẹ́, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a dá. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, àní ìta gbangba lábẹ́ òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n, tí àwọn àgbà sì ń là wọ́n.

Kí ni a wá ṣe aláìní? Ìwé ni. Mo bi àwọn bàbá kan ní Kòmú léèrè orúkọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà dá ènìyàn. Wọ́n dárúkọ díẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù, ọwọ́ ni wọ́n fi júwe rẹ̀ fún mi, ọwọ́ náà sì ti ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, n kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba ìsinmi, kí olúkúlùkù mú ìwé àti kálàmù lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó jókòó ti àwọn tí ó mọ ẹkẹ mu, kí ó kọ orúkọ àti òfin rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà tí a ó bi léèrè ṣì wà. Wọn kò ní í wà títí.