Ẹ̀FỌ́ SÍSÈ NÍ ILẸ̀ Ọ̀TÀ, LÁTI ÌGBÀ OKO DÉ ÌGBÀ ILÉ IṢẸ́

Nígbàtí a bá ń kọ ìtàn ìlú, ọba àti ogun ni a máa ń kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n onjẹ tí ó gbé ọba ró, tí ó sì fún ọmọ ogun ní agbára, kìí sábà rí akọ̀wé tirẹ̀. Nínú ìwé kékeré yìí, a fẹ́ ro ọ̀rọ̀ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìà kà sí yẹpẹrẹ, èyíinì ni ẹ̀fọ́ tí àwọn ìyá wa ń sè, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Ọ̀tà láti àtijọ́ títí di òní.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà. Ó wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti inú ilẹ̀ wá sí etí òkun, nítorí ọ̀nà yìí pẹ̀lú ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó tì í, tí nwọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842, ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn tí nwọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Kí olúkúlùkù wa rò ó wò: ẹni tí ogun lé kúrò ní oko, kíni yíò jẹ? Iṣu a máa gbà tó oṣù mẹ́jọ nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn lónìí, a ó ká a kí oṣù kan tó yí po. Ẹbọ̀lọ̀ àti yánrin kò tilẹ̀ dúró de ẹni tí yíò gbìn wọ́n. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbàtí oko òkè bá gbẹ, àkùrọ̀ létí odò a ṣì máa tutù, ẹ̀fọ́ a sì máa wù níbẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀fọ́ fi jẹ́ onjẹ àsìkò ìpọ́njú àti ti àsìkò ọ̀pọ̀. Àwọn àgbà kò sì ṣe àṣìsọ nígbàtí nwọ́n wípé, tẹ̀tẹ̀ kìí tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Àwọn baba wa mọ ewé ju bí a ti rò lọ. Nígbàtí J. M. Dalziel ṣe ìwé rẹ̀ lórí àwọn ewéko tí ó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 1937, ó kọ orúkọ púpọ̀ sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ènìà kìí sọ ohun tí kò bá lò ní orúkọ. Ohun tí àwọn baba wa kò ní ni ọ̀nà láti wo inú ewé, kí nwọ́n lè mọ ohun tí ó fi ń ṣe ara ní oore. Ìtàn bí a ti mọ̀ ọ́n gba ọ̀nà tí ó jìn, ó sì kan Ọ̀tà òde òní gidigidi.

Ní 1928, obìrin oníṣègùn kan, ará Ìlú Ọba, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucy Wills, lọ sí Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà láti wádìí àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ń pa àwọn aboyún ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìrin náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun. Ó wo onjẹ wọn, ó rí i pé kò pé; ní 1931 ó sì kọ ọ́ jáde pé ohun tí a yọ lára ìwúkàrà mú wọn sàn. Kò tíì mọ èròjà tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1941, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Texas ní Amẹ́ríkà, Mitchell, Snell àti Williams, fi nǹkan bí tọ́ọ̀nù 4 ẹ̀fọ́ spinach, tí í ṣe ìbátan tẹ̀tẹ̀ wa, wá èròjà kan. Nwọ́n sọ ọ́ ní orúkọ láti ara folium, tí í ṣe ewé ní èdè Látìnì. Òun ni à ń pè ní fólétì. Òun kannáà ni a wá mọ̀ pé ó wo àwọn obìrin Bombay. Ní 1991, àwọn oníṣègùn fi hàn pé bí obìrin tí ó ti bí ọmọ tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé bá ń lo èròjà yìí kí ó tó lóyún, ewu pé irú rẹ̀ yíò tún ṣẹlẹ̀ dínkù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Ṣàngó. Ní 1989 a sì dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀. Àwọn ènìà ti ibi gbogbo wá ṣiṣẹ́. Àwọn ará ìlà-oòrùn Ọya mú ugu wọn wá, ó sì ti di ẹ̀fọ́ wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì wọlé lálẹ́, kò ní oko lẹ́hìnkùlé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Bombay.

Nihin ni ọ̀rọ̀ sísè ti wọlé. Fólétì àti fítámìn C a máa yọ́ sínú omi, iná pípẹ́ a sì máa bà wọ́n jẹ́. Bí a bá bọ̀ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a fún un gbẹ, tí a da omi rẹ̀ nù, apá kan nínú oore rẹ̀ ni a dà nù. Ẹ̀fọ́ tí ó sì wà lórí iná ní búkà láti òwúrọ̀ di alẹ́ ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àwọn ìyá wa ní aláìmọ̀kan. Omi gbígbóná a máa dín oxalate inú tẹ̀tẹ̀ kù, èyí tí kìí jẹ́ kí ara rí kálísíọ́mù gbà. Fífọ̀ a sì máa mú kíkorò ewúro dínkù. Epo pupa tí nwọ́n ń dà sí i ni ó ń mú kí ara gba èròjà tí ń di fítámìn A, tí ojú fi ń ríran lálẹ́. Iná kò sì tètè ba èyí jẹ́. Ẹja àti ẹran inú ọbẹ̀ a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ewé. Nítorí náà, kí a fọ ẹ̀fọ́ kí a tó rẹ́ ẹ. Kí a bọ tẹ̀tẹ̀ sínú omi tí ó ti hó, kí a sì tètè yọ ọ́. Kí a má ṣe bọ̀ ugu àti ewédú rárá. Kí kánún inú ewédú má sì pọ̀, nítorí a máa pa fítámìn C.

Ohun kan kù tí iná kò lè ṣe. Ewé a máa gba òjé láti inú erùpẹ̀ àti eruku tí ó bá ní in. Omi tí ó mọ́ lè ṣan eruku kúrò lójú ewé, ṣùgbọ́n kò sí iná tí ó lè jó èyí tí ó ti wọ inú rẹ̀. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àkùrọ̀ tí ó bọ́ àwọn ará àtijọ́, bí ó bá wà nísàlẹ̀ ojú ìdọ̀tí ilé iṣẹ́, kìíṣe àkùrọ̀ kannáà mọ́. Ẹni tí ń rajà ní Ṣàngó kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Nítorí náà kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ibi tí ó ti ká a, kí àwọn ìjọba sì máa yẹ ilẹ̀ àti omi náà wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ilé ìwé tí ó ní ilẹ̀ mímọ́ díẹ̀ lè gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ká a, kí nwọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé wípé ó kéré tán, kí àgbàlagbà jẹ giramu 400 ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́. Bí àwọn ọmọ Ọ̀tà kò bá mọ ẹ̀fọ́ mọ́ bíkòṣe nínú abọ́ búkà, ìtàn tí ó ti la ogun 1842 já yíò parí lọ́wọ́ wa, láìsí ogun kankan.