Ojú Ènìyàn àti Ìmọ́lẹ̀

Ojú ni ẹ̀yà ara tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìròyìn tí ọpọlọ lè lò. Ẹyinjú àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 24. Kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara níwájú rẹ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ títẹ ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì ń parí rẹ̀, kí àwòrán lè bọ́ sórí rẹ́tínà, awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú.

Ẹni tó bá ti inú ihò Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, jáde sínú oòrùn ọ̀sán, yóò rí agbára ojú. Ọmọlójú, tó lè fẹ̀ tó mìlímítà 7 nínú òkùnkùn, yóò súnkì kíá títí dé bíi mìlímítà 2. Bí a bá padà sínú òkùnkùn, kí ojú tó tún ríran ló ń pẹ́: ó lè gba ìṣẹ́jú 30, nítorí èròjà tí ìmọ́lẹ̀ ti tú ká nínú rẹ́tínà gbọ́dọ̀ tún para pọ̀. Fítámì A wà lára èròjà náà, epo pupa inú ọbẹ̀ wa sì ní ohun tí ara fi ń ṣe é. Ẹni tí kò bá ní i tó lè má ríran dáadáa lálẹ́.

Àìsàn ojú kan tó ń jẹ́ glaucoma, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, máa ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora. Nítorí náà, ẹ̀yin tó bá ti pé ọmọ 40 ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò.