Àìjẹun Tí Kò Ní Orúkọ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Mushin, bí ènìyàn bá ti ìrìn-àjò dé tí ara rẹ̀ sì kún, gbogbo àdúgbò ni yóò kí i pé ayé yẹ ẹ́. Bí ó bá rù, àwọn àgbà a rẹ ohùn sílẹ̀, wọn a bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń ṣe é. Èmi kò sọ pé Yorùbá kò ka obìnrin ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí arẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó gbẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Surulere bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ ní 2002, a kò mọ ohun tí à bá pè é. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà. Ta ni yóò bá ọmọ tó ń gbààwẹ̀ wí? Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń fi í yangàn. Nígbà tí a ń gbọ́ bí ó ti ń bì lóru, a ní ọgbẹ́ inú ni; ìyá àgbà ní ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ni.

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní 1873 ni Charles Lasègue ní Paris àti William Gull ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpèjúwe rẹ̀. Gull ló sọ ọ́ ní anorexia nervosa. Ní Èkó, a ti ṣí ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Yábà láti 1907, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn ìhòòhò ni aráàlú mọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ọmọ tó ń ka ìwé rẹ̀ dáadáa tó sì ń da àmàlà rẹ̀ fún ajá.

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná tí ìwé kò sì wọlé sí mọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní brain fag. Ní 1985, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àìjẹun àwọn ọmọ òyìnbó, pé bóyá àṣà ló bí àwọn méjèèjì. Mo gbà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kọkànlá 2001, Agbani Darego gba adé Miss World ní Sun City, ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ní ó ti rù jù. Àwọn ọmọbìnrin kò wí bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, mo ń gbọ́ “lẹ́pa” bí oríkì ní Ojúẹlẹ́gba, àwọn agbèrò sì ń sọ fún “òròbó” pé kí ó san owó ènìyàn méjì.

Ní 2004, nọ́ọ̀sì kan jókòó ti ọmọ wa, ó ní, “Kí ni o máa ń rí bí o bá wo jígí?” Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ọdún méjì ni àwa fi ń bi í bóyá ó ti jẹun.