Ọmọ Onílẹ̀, Àjogúnbá àti Ẹ̀tọ́ nínú Ìwé àti Fíìmù Èkó

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀, ogún baba rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ tó ní lórí ibi tí wọ́n bí i sí ti pẹ́ nínú ìwé àti eré Yorùbá. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò ṣeé yà kúrò lára Aláúsá. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà wà, gómìnà sì ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí níkàáwọ́. Ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní C of O ti ń jáde. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà nínú ọgbà kan náà. Àgídìngbì, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀, LTV, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, fi ṣe ibùjókòó, kò jìnnà sí i, Ikeja City Mall tí àwọn èèyàn ti ń wo sinimá sì wà ní Aláúsá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn lójú ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ń rìn láàrin ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé ilẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń fi ìtàn ilẹ̀ han aráyé. Síbẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó, Àwórì lórí ilẹ̀ àti Ègùn létí omi, ni ìtàn wọn kéré jù lọ nínú ohun tí à ń kà àti ohun tí à ń wò.

Àwọn tó ni ilẹ̀

Àwórì ló tẹ Ìkẹjà, Àgídìngbì, Ògbà, Òrégùn àti Òjòdú dó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó gbalẹ̀ ní Agége, J. K. Coker tó ni oko ńlá Ìjàn àtàwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn Haúsá oníṣòwò obì náà wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ Ìkẹjà di àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá, torí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967. Oko di Cadbury ní Àgídìngbì, igbó di ilé ọtí Guinness ní ọ̀nà Ògbà. Nígbà tó di 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀.

Báyìí ni orúkọ "ọmọ onílẹ̀" ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́nu aráàlú. Ẹni tí ìjọba ti gba oko baba rẹ̀, tí kò rí nǹkan gidi gbà, jókòó ti akọ́lé, ó ń gba owó fáńdéṣọ̀n, ó tún padà wá gba owó dẹ́kìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ajagungbalẹ̀ yọ, tòun ti àdá àti ìbọn. Ní 2016 Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó sọ ìwà náà di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n lé lórí. Òfin náà tọ́, nítorí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ti jìyà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Ṣùgbọ́n ojú ajagungbalẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ eré orí fídíò fi ń wo ọmọ onílẹ̀ báyìí, èyí sì ti pa ìbéèrè kan lẹ́nu mọ́: ta ló gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀, èló ni wọ́n san?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 mọ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀: ó ní Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti inú àwọn ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá dìbò lórí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní 2007, orílẹ̀-èdè 143 fọwọ́ sí i, mẹ́rin kọ̀ ọ́, mọ́kànlá kò dá sí i. Nàìjíríà wà lára àwọn mọ́kànlá náà.

Nínú ìwé

Àwọn ọmọ ìlú ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn ara wọn. Ìwé ìtàn Èkó tí John Losi kọ jáde ní 1914. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un tò tó fi jáde ní 1921.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ lórí ilẹ̀ Èkó parí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba amúnisìn ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá ní 1913. Àmódù Tíjàní, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, sọ pé ilẹ̀ ẹbí ni, owó gidi ló sì yẹ kí wọ́n san lé e. Ilé ẹjọ́ ìhín sọ pé díẹ̀ ló tọ́ sí i, bí ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lásán. Ó kọ̀, ó gbé ẹjọ́ náà ré kọjá òkun. Ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921 àwọn adájọ́ àgbà Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ìwé àdéhùn 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àwùjọ àti ẹbí tó ni ín. Káàkiri ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí títí dòní. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: olóyè onífìlà funfun, ọkọ̀ ojú omi, Macaulay tòun ti irunmú rẹ̀, ìyẹ̀wù àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fíìmù ńlá ló yẹ kí ìtàn yìí jẹ́, kí ọmọ iléèwé Agége mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ Ṣàngó.

Ìwé ìtàn àròsọ gba ọ̀nà mìíràn. D. O. Fágúnwà kọ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ ní 1968. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwàásù sì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé èdè wa tó ru ayé kan odindi. Ní ti ẹ̀tọ́ ilẹ̀, Chris Abani gbé *GraceLand* jáde ní 2004. Maroko ni Elvis, ọmọdékùnrin inú ìwé náà, ń gbé, àdúgbò tí ìjọba ológun wó pátápátá ní oṣù Keje 1990. Maroko ti kúrò lórí ilẹ̀, ìwé ni àwọn tí wọn kò débẹ̀ rí fi ń mọ̀ ọ́n.

Lórí ìtàgé àti fíìmù

Ní Agége, orúkọ ilé sinimá kan, Pen Cinema, ti di orúkọ oríta ńlá. Afárá tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2021, náà ń jẹ́ ẹ. Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti máa ń wo àwọn eré tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò gbé wọ fíìmù. Hubert Ògúndé ni baba wọn. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí *Yorùbá Ronú*, òfin náà kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí di 1966. Lẹ́yìn tí Ọlá Balógun ti gbé *Àjàní Ògún* jáde ní 1976, Ògúndé gbé *Aiyé* jáde ní 1979. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tó dúró gbọn-in láàrin ìlú àti àwọn àjẹ́. Nígbà tí fídíò dé, àwọn eré ìwàásù, irú èyí tí ẹgbẹ́ Mount Zion ti Mike Bámilóyè ń ṣe, yí i padà: ẹni ibi ni babaláwo. Ìran kan tọ́ dàgbà tó jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ní nípa ẹ̀sìn baba wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, nígbà tí Aláúsá kéde ọjọ́ ìsinmi fún Ìṣẹ̀ṣe, ó hàn gbangba pé àwọn oníṣẹ̀ṣe kò tíì kúrò nílùú bí eré ṣe fẹ́ ká gbà gbọ́.

Túndé Kèlání ló mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé ibi tó jinlẹ̀ jù. *Tí Olúwa Ni Ilẹ̀* jáde ní 1993. Kareem Adépọ̀jù, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Wándé, ṣe Òtún Aṣíyanbí, olóyè tó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn méjì láti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn láti tà, kí wọ́n lè fi kọ́ ilé epo. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn níkọ̀ọ̀kan, Òtún wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri. Ohun tó mú eré náà dára ni pé kì í ṣe àlejò ló jí ilẹ̀. Olóyè ni, ẹni tí ìlú fi ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn pé kó máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí rí, tí wọ́n ti ń bi olórí ẹbí léèrè ta ló gbowó ilẹ̀, mọ̀ pé inú ilé ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ilé ẹjọ́ Ìkẹjà.

*Ṣaworoidẹ*, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Kèlání sì darí ní 1999, fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ní ìlú Jogbo, ọba tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù kó sì gba gbẹ́rẹ́ kí òun àti ìlú tó di ìmùlẹ̀. Lápité kọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó bá mulẹ̀ kò ní lè kówó jẹ. Bó ṣe gorí ìtẹ́ ni àwọn agégẹdú wọ igbó ìlú, tí wọ́n ń gé e tà. Ìlù tó ní ṣaworo idẹ ló wá di adájọ́. Ní 1999 tí ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí oyè, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé.

Láti 2022, eré ayé àtijọ́ gbòde lórí Netflix: *Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan, *Jagun Jagun* ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023, *House of Ga'a* àti *Lisabi* ní 2024. Aṣọ wọn dùn ún wò, èdè wọn sì dán mọ́rán. Bíyì Bándélé gbé *Ẹlẹ́ṣin Ọba* jáde ní 2022 láti inú eré tí Ṣóyínká kọ ní 1975. Bándélé fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù náà hàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí òyìnbó ìjọba dá Ẹlẹ́ṣin dúró kó má bá ọba rẹ̀ lọ sọ́run ni, Dúró Ládipọ̀ náà sì ti fi ṣe *Ọba Wàjà* ṣáájú wọn. Ti Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni púpọ̀ nínú ààfin, ogun àti ẹṣin wọ̀nyí. Ìdí rẹ̀ yé mi: ìtàn ọba tó ní ẹṣin rọrùn láti ta fún ayé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́fin ti Ìdó àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pín ilẹ̀ Èkó láàrin ara wọn náà ní ìjà, ìfẹ́ àti ọ̀tẹ̀ tó tó ṣe eré.

Yàtọ̀ sí àwọn onífíìmù Yorùbá, ẹnìkan wà tó fi tẹlifíṣọ̀n pa Nàìjíríà lẹ́rìn-ín, tó sì kú nítorí ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ken Saro-Wiwa ló ń kọ *Basi & Company* láàrin 1986 sí 1990, Èkó sì ni eré náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 1990, àwọn Ògóni kéde ìwé ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ àti epo rọ̀bì. Saro-Wiwa di ohùn wọn. Ìjọba ológun so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995.

Etí omi

Ọ̀tọ̀dò-Gbàmẹ̀ jẹ́ abúlé apẹja Ègùn létí ọ̀sà, lágbègbè Lẹ́kí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2016, ilé ẹjọ́ gíga Èkó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan àwọn abúlé etí omi. Lọ́jọ́ 9 àti 10, iná àti katakata wọ ibẹ̀. Àwọn ará abúlé wọ́ lọ sí Aláúsá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà gómìnà tàwọn ti ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó ń wólé tún padà wá wó èyí tó kù ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin 2017. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé kíkó èèyàn kúrò láìfún wọn níbi tí wọn yóò gbé lòdì sí ìwé òfin. Ilé ti wó.

Inú ìjà àwọn ará etí omi yìí ni *The Legend of the Vagabond Queen of Lagos* ti jáde, fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ẹgbẹ́ Àgbájọwọ́ ló darí rẹ̀, àwọn ará etí omi fúnra wọn sì wà lára ẹgbẹ́ náà. Jawu, ìyá ọmọ kan, rí owó tí wọ́n fi pamọ́, owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ra abúlé mọ́ wọn lórí; Tèmi Ami-Williams ló ṣe é. Èdè Ègùn ń dún nínú rẹ̀ bó ṣe ń dún lórí ọkọ̀ apẹja, kì í ṣe láti pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀pọ̀ eré Yorùbá, Ègùn ni ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń kọ́, ẹni tó ń bá wọn dáko. Níbí, òun ló ni ìtàn. Àwọn Inuit ti Kánádà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2001 pẹ̀lú *Atanarjuat*, èdè tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gba ẹ̀bùn ní Cannes. Mo ka iṣẹ́ Àgbájọwọ́ sí ohun tó tóbi jù tí Èkó ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà *Tí Olúwa Ni Ilẹ̀*.

Òfin àti àjogúnbá

Ní oṣù Kejì 2018, gómìnà buwọ́ lu òfin tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo iléèwé Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin rere ni. Yorùbá nìkan ló wà fún. Ọmọ Ègùn ní Àgbádárìgì kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ fún èdè tirẹ̀.

Orin, ijó, àlọ́ àti ìlù tí àwọn onífíìmù ń mú láti inú ìlú pẹ̀lú ní òfin tiwọn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti dáàbò bò wọ́n láti 1988, èyí tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023 sì ń bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò gbọ́dọ̀ dárúkọ àwùjọ tó ti rí wọn. Ṣùgbọ́n bí òfin 1978 ṣe fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ fi àṣẹ lórí ohun tí baba ńlá wa fi sílẹ̀ sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó fẹ́ ya ijó ìdílé kan láti fi ṣòwò, àjọ ni yóò kọ̀wé sí, kì í ṣe ìdílé tó ń jó o.